Ọjọ́ Tí Wọ́n Tú Okùn Ìdí Àpáta

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Bí ẹ bá dé ìhà Atakpamé, tí ẹ bá àwọn arúgbó méjì tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ ṣáà dárúkọ Àpáta, kí ẹ sì sún sẹ́yìn. Ọ̀kan á ní ohun tí Àpáta ṣe lọ́jọ́ tó fi ìjàkadì sílẹ̀, ó fi ba orúkọ ara rẹ̀ àti tiwa jẹ́. Èkejì á ní nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ṣe láyé, ìyẹn ló ga jù. Mo ti rí bàbá àgbà kan tó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ la orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé irùngbọ̀n, tí ẹni tí wọ́n lù náà kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Èmi kì í dá sí i. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tó mi. Bí òjò bá ṣú, egungun ìhà mi ṣì ń sọ ọ́ fún mi.

Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, aṣọ híhun ni iṣẹ́ mi. Bí mo ṣe kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Mo dé Atakpamé lẹ́yìn tí Jámánì ti lọ, tí Faransé ti gba ibẹ̀, tí kọ̀mándà wọn ń jókòó lórí òkè bí ẹni tó ń ṣọ́ oko. Èdè àwọn Ifẹ̀ tó ni ìlú náà àti èdè tiwa jọ ara wọn bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n tọ́ ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ń gbọ́ ìdajì, mo ń fi ẹ̀rín bo ìdajì. Kò sí ẹni tó bèèrè orúkọ mi. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa tí a bá ti ìhà ìlà oòrùn wá, Ànàgó náà ni wọ́n sì ń pè mí.

Bàbá Yáò ló fún mi ní yàrá. Àgbàlagbà tínínrín kan ni, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Òun ni olórí pápá ìjàkadì àdúgbò náà, ẹnu rẹ̀ ni òfin ìjà ń gbé. Mo bi í níbi tí mo lè ri òfì mi mọ́lẹ̀ sí.

Ó ní, "Ilẹ̀ tí kò mọ ẹ̀yìn rẹ, báwo ni wàá ṣe ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀?"

Mo rò pé òwe ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Òwe kọ́. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ sí pápá oníyanrìn kan lẹ́sẹ̀ òkè. Gbogbo àdúgbò ti pé síbẹ̀. Láàárín ni ọkùnrin kan dúró, tí ọrùn rẹ̀ àti orí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, tó de okùn ìko mọ́ ìdí lórí ìbàǹtẹ́. Kókó kún ara okùn náà bí ẹyìn ṣe ń kún ara ìdì ọ̀pẹ. Kọ̀mlá ni orúkọ rẹ̀, Àpáta ni orúkọ ìjà rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ rí.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ lékeléke!" Ẹnìkan ló kígbe bẹ́ẹ̀.

"Ànàgó, ṣé nílé yín wọn kì í jẹun ni?"

Obìnrin kan wà níwájú tó ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Afí ni, ìyàwó Kọ̀mlá. Ó ní, "Kọ̀mlá, rọra o! Àwo àlejò ni, má fọ́ ọ!"

Ó rọra. Bí ẹni tó ń gbé àpò èlùbọ́ sọ sílẹ̀ ni ó ṣe gbé mi, ahọ́n mi sì bọ́ sáàárín eyín mi, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde, ó fi etí okùn ìdí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "So ó." Àṣà wọn nìyẹn. Gbogbo ẹni tí akọni bá dá, á so kókó kan sára okùn rẹ̀ kó tó kúrò lórí iyanrìn. Mo so tèmi bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n so. Wọ́n hó yèè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Yáò fúnra rẹ̀ bá mi gbẹ́lẹ̀ òfì.

Iṣẹ́ wà. Àwọn obìnrin Atakpamé fẹ́ràn aláró tó dúdú bí alẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n hun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò ní ẹnu tí yóò bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nígbà náà, àwọn olóbì ni ẹnu tí àwa àti ilé fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọkùnrin olóbì kan, ará Ṣakí bíi tèmi, ló ń gbé ohùn ìyá mi wá. Á jókòó, á mu omi tán, á wá sọ ohùn rẹ̀ di ohùn obìnrin, nítorí ìyá mi ti bú u mọ́ ọn pé kó má fi ohùn ọkùnrin jíṣẹ́ òun.

Á ní, "'Ọmọ mi, ta ló ń bá ọ jẹun?'"

Èmi á ní, "Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ pọ̀ nínú àwo mi."

Bí ó bá ti lọ, màá gbé àwo mi, màá kọjú sí ògiri, màá jẹun.

Ọjọ́ ìjà nìkan ni n kì í jẹun lójú ògiri. Lọ́jọ́ ìjà, gbogbo àwa tí a jẹ́ ti Àpáta máa ń jókòó sí apá kan náà, Afí á máa pín ẹ̀wà àti gàrí, bí ẹnìkan bá bu oúnjẹ níwájú ẹlòmíràn, kò ní dìjà. A ń pariwo títí ohùn wa á fi há. Ó dá ọkùnrin kan tó ti ìhà Elavagnon wá, egungun ọrùn èjìká ẹni náà dún pàá bí igi gbígbẹ, àwa sì fò sókè tí à ń dì mọ́ ara wa. Ó dá òmíràn tí eyín rẹ̀ fọ́n sórí iyanrìn, àwọn obìnrin ń kọrin lé e lórí. Mo sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí: ẹ̀jẹ̀ náà dùn mọ́ wa. Ẹni tí kò ní ẹbí níbi tó wà, bó bá ní akọni, ó ti ní ẹbí. Bí Àpáta bá ti dá èèyàn, èmi tí n kò mọ ojú ọ̀nà mẹ́ta nínú ìlú náà, mo di ẹni tó ṣẹ́gun nílé ara rẹ̀. Bí mo bá dé yàrá mi, mo tún di Ànàgó.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà tí Faransé fi bẹ̀rẹ̀ sí í na ojú irin rélùwéè lọ sí òkè. Kọ̀mándà ránṣẹ́ sí olóyè kọ̀ọ̀kan kí ó kó èèyàn wá. Bí wọ́n bá ń kó èèyàn, àlejò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọ́n mú mi nídìí òfì, òwú ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àlejò kò tó, wọ́n mú ọmọ ìlú, Kọ̀mlá náà sì wà lára wọn.

Kòkú ni gáàdì tó ń ṣọ́ wa. Ọmọ àdúgbò wa ni. Kọ̀mlá ti dá a rí nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní géńdé, lójú ọmọbìnrin tí Kòkú fẹ́ fẹ́. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì tán síbẹ̀. Kòkú fi àdúgbò sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín yẹn. Ó lọ gba fìlà pupa àti ìbọn lọ́wọ́ kọ̀mándà, ó sì padà wá pẹ̀lú pàṣán. Ẹ̀yìn wa ni ó fi ń san gbogbo rẹ̀. Mo rí i tó na ọkùnrin kan tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí bí èèpo iṣu. Mo rí i tó fi bàtà tẹ ìka ẹlòmíràn mọ́ irin tó ti gbóná nínú oòrùn.

Lọ́jọ́ kan, irin bọ́ lọ́wọ́ wa. Orúnkún mi ló yẹ̀, mo ṣubú.

Kòkú dúró lé mi lórí. "Dìde, ẹranko."

N kò lè dìde. Ó yí ìbọn rẹ̀ padà, ó gbé ìdí ìbọn náà sókè, orí mi ni ó ń wò. Mo di ojú. Mo gbọ́ ìró náà, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Nígbà tí mo lajú, Kọ̀mlá ni mo rí tó wà láàárín èmi àti Kòkú, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti wọ inú, eegun kan ń yọ orí níbi tí kò yẹ. Kò ké. Ó kàn ń mí bíi màlúù.

Kòkú rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Àpáta náà ń fọ́!"

Yovó, òyìnbó tó ń bojú tó iṣẹ́, wò wá láti abẹ́ ibòji rẹ̀, ó ṣáná sí tábà.

Nígbà tí olóbì tún dé, ohùn ìyá mi ní, "'Mo gbọ́ pé wọ́n ń fipá mú èèyàn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé ara rẹ pé?'" Mo ní kó sọ fún un pé ó pé. Èyí kì í ṣe irọ́. N kò lè sọ fún un pé ara ọmọ ẹlòmíràn tó fọ́ ló jẹ́ kí tèmi pé.

Wọ́n to eegun náà, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún Kọ̀mlá kò gòkè kọjá ọmú mọ́. Nígbà tí wọ́n tú wa sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ irin, ó fi apá kan jà fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń dá wọn, ṣùgbọ́n a ń rí i bó ṣe ń wa eyín pọ̀. Nígbà tó wá ní òun fẹ́ sinmi, àwa olólùfẹ́ rẹ̀ la yarí jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ja ẹ̀ẹ̀kan sí i!"

"Apá kan tiyín ju méjì tiwọn lọ!"

Afí yọ síta pẹ̀lú omi ìfọwọ́, ó dà á sí wa lára. "Ẹ wá gbé apá yín wá kí n so ó mọ́ ọn! Aláìlójútì gbogbo!"

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń jà nìkan ló ń jẹ ìyà ìjà, ẹni tó ń wòran, kì í rẹ̀ ẹ́.

Bí akọni ṣe ń fi iyanrìn sílẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Á jókòó láàárín pápá, okùn rẹ̀ nídìí. Gbogbo ẹni tó ti dá rí á wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á tú kókó wọn, wọn á ní, "Ẹ̀yìn mi ti kúrò nílẹ̀." Bí ẹnìkan bá ti kú, ọmọ rẹ̀ á tú tirẹ̀. Kókó tí kò bá tú, ìjà ni, lọ́jọ́ náà, lórí iyanrìn náà. Bí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀ nínú ìjà yẹn, ọ̀rọ̀ tán, wọn á sun okùn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ akọni ni wọ́n dá, orúkọ ìjà rẹ̀ kò ní jẹ́ mímẹ́nu bà mọ́ ní pápá náà, títí ayé.

Wọ́n wá lọ́pọ̀. Ọkùnrin Elavagnon wá, èjìká rẹ̀ wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àpáta, láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè gbé igi fún ìyàwó mi. Ọlọ́run á san án fún ọ!" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí eyín rẹ̀ fọ́n wá, ó fi èrìgì tú tirẹ̀. Ó kàn mí. Mo kúnlẹ̀, mo wá kókó mi, mo sì rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti so. Gbogbo wọn, kókó tí a ń fà tí ń tú ni wọ́n so; wọ́n bí wọn mọ́ àṣà náà. Èmi, ahunṣọ ni mí. Òwú tó bá já lójú òfì, a kì í so ó kó tún tú. Bí o bá ṣe ń fà á tó ni á ṣe máa há tó. Mo fi èékánná, mo fi eyín. Ìko náà ti há bí eegun.

Bàbá Yáò bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Kí lo so síbí, Ànàgó?"

"Kókó ahunṣọ ni, Bàbá."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Kọ̀mlá náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Yáò kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ná. Kí àwọn tó kù tú tiwọn."

Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí Kòkú fi wọ pápá. Ó bọ́ fìlà pupa, ó bọ́ ẹ̀wù káàkí, ó kó wọn lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀. Ó ní, "Èmi kò tú tèmi."

Afí bẹ́ síwájú. "Kòkú, ìwọ lo fọ́ apá yẹn! O wá fẹ́ dá ohun tí o ti fọ́?"

"Òfin ni mo sọ. Bàbá Yáò, ṣé kì í ṣe òfin ni?"

Bàbá Yáò ní, "Òfin ni."

Kọ̀mlá gbé ọwọ́ òsì lélẹ̀, ó fẹ́ dìde. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Kòkú kò wá dá a. Apá kejì ni ó wá gbà, tàbí ẹ̀mí rẹ̀. Ẹnu mi là kí n tó rò ó.

Mo ní, "Bàbá, kókó tèmi ṣì wà lórí okùn. Ẹni tí kókó rẹ̀ wà lórí okùn, ta ló ni ín?"

"Àpáta ló ni ín."

"Ṣé èèyàn Àpáta lè dúró fún Àpáta?"

Arúgbó náà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó lè dúró. Bí Kòkú bá ti fi ẹ̀yìn rẹ kan ilẹ̀, ó ti gba tirẹ̀, á tú kókó rẹ̀, á lọ. Ṣùgbọ́n bí Kọ̀mlá bá dìde kí ẹ tó parí, ìdúró rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn, òun ni yóò jà."

Ọkàn mi balẹ̀. Láti ṣubú nìkan? Bí iṣẹ́ kan bá wà tí mo mọ̀ lórí iyanrìn yẹn, òun ni.

Afí ní, "Ànàgó, tètè ṣubú, kí o wá jẹun."

Mo bọ́ sórí iyanrìn. Kòkú dì mí mú, mo sì sọ ara mi nù sẹ́yìn kí n lè ṣubú. N kò ṣubú. Ó ti fi apá kan dì mí ní ìbàǹtẹ́, ó gbé mi dúró. Ó fi orí kàn mí nímú. Mo gbọ́ ọ tó fọ́ nínú orí mi. Mo tún sọ ara mi nù, ó tún fà mí dìde, ó fi orúnkún gún mi níkùn, ohun tí mo jẹ láàárọ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ó sọ ọ́ sí mi létí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "O ò ní ṣubú lónìí. Ọ̀gá rẹ ni mo fẹ́. Bó bá rí i pé o ń kú lọ, á dìde."

Nígbà náà ni àwọn èèyàn mọ ohun tó ń ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jà ní pápá yẹn, n kò rò pé wọ́n ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí: "Ṣubú! Ànàgó, ṣubú! Jọ̀ọ́, ṣubú!" Àwọn obìnrin ń sunkún ọ̀rọ̀ náà. Kòkú ń fi orí kàn mí, eyín mi ń bọ́, ojú mi ọ̀tún ti pa dé. Ó fi ìkúùkù gún mi níhà títí nǹkan kan fi já níbẹ̀. Ojú kan tó kù ni mo fi rí Kọ̀mlá. Afí àti ọkùnrin Elavagnon rọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti ń kúrò nílẹ̀. Ó ń dìde.

N kò ní apá tí ń jà. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ òfì láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fò, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́ mọ́ orúnkún Kòkú láti ẹ̀yìn, mo há a, mo fi gbogbo ìwọ̀n ara mi so rọ̀. Ó gún mi, n kò tú u sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀. Àwa méjèèjì wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò ti mu, èmi nísàlẹ̀, òun lókè, ìhà mi tún fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi kan iyanrìn.

"Ó ti ṣubú!" Wọ́n ń jó. Wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Ẹ ò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí fún ẹni tí wọ́n dá.

Kòkú dìde, ó wo ẹ̀wù rẹ̀ níbi tí pàṣán wà. Bàbá Yáò ní, "Àlejò ti san án. Tú u." Àwọn ọkùnrin tó ti tú kókó wọn dìde yí pápá ká. Kòkú kúnlẹ̀ nídìí Kọ̀mlá, ó tú u. Kò sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Ó kó ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ.

Bàbá Yáò wá yẹ okùn náà wò. Ó ní, "Ó ku ẹyọ kan."

Tèmi ni.

"Ẹ gé e!" Ẹnìkan ló sọ bẹ́ẹ̀.

"A kì í gé e. Kókó tí kò bá tú, ìjà ni." Arúgbó náà yíjú sí Kọ̀mlá. "Kọ̀mlá, dìde. Ànàgó ni yóò bá ọ jà."

N kò lè gbé orí mi. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti rí ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń pariwo rẹ̀: "Gbé e díẹ̀, kí o sì gbé e lélẹ̀! Rọra gbé e, Àpáta, kó tán!" Òótọ́ ni. Kó gbé mi sókè ìka kan, kó fi mí sílẹ̀. Á lọ sílé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dá rí.

Kọ̀mlá wá dúró lé mi lórí. Ó wo imú mi, ó wo ìhà mi tó wọnú. Mo na ọwọ́ sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mi. Kò ní dùn mí."

Ó mì orí. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. Ó jókòó. Ẹnìkan láàárín èrò ké, "Rárá!" Ohùn náà dà bí ti ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Kọ̀mlá fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀, ó sì rọra na ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbogbo rẹ̀, láti èjìká dé ìdí.

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí Bàbá Yáò sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n fi ipá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ̀yìn Kọ̀mlá ti kan ilẹ̀." Kò pè é ní Àpáta. Àwọn kan bú sẹ́kún. Àwọn kan ń sọ iyanrìn lù wá, wọ́n ń bú u, wọ́n ń bú èmi náà.

Kọ̀mlá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run, níbi tí àwọsánmà ń kọjá lórí òkè Atakpamé.

Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń rí láti ìsàlẹ̀ nìyí?"

Mo ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyí, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi nínú yín."